Yìnyín orí òkun àti ojú ọjọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: èwo ló ń darí èwo?

Tíṣà_Òkèsà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ará ilé. Ìbéèrè kan ló ti kíláàsì mi jáde níbí ní Iléṣà, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa torí ọmọ tó bi mí ò gbà kí n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jiọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn SS2. A ń sọ̀rọ̀ nípa òkè àríwá ayé lọ́hùn-ún, mo wá sọ ti ìlú kan ní Alaska fún wọn, Utqiaġvik lorúkọ ẹ̀, Barrow ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ wò ní Amẹ́ríkà yọ dátà ìlú yẹn kúrò fúnra ẹ̀. Ooru ibẹ̀ ti lọ sókè kíákíá débi pé kọ̀ǹpútà kà á sí pé ẹ̀rọ ìwọ̀n ti bàjẹ́ ni, tàbí pé wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbé e. Òótọ́ ni ooru yẹn. Oṣù October wọn láti 2000 sí 2017, tí èèyàn bá fi wé ti nǹkan bí ogún ọdún tó ṣáájú, ó fi dìgíríì 4 àti díẹ̀ móoru jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ní yìnyín orí òkun tó máa ń dì sí ẹ̀gbẹ́ ìlú náà ló ti ń pẹ́ kó tó dì.

Ọmọ náà wá ní, "Mà, orí omi ni yìnyín wà, orí ilẹ̀ ni ìlú wà, kí ló pa wọ́n pọ̀?" Mo fún un ní èyí tó wà nínú ìwé, pé yìnyín funfun, ó ń dá ìtànṣán oòrùn padà, omi òkun dúdú, ó ń gbà á sára. Ó ní, "Ṣé oòrùn ń ràn níbẹ̀ ní November ni?" Ìbéèrè gidi ni o, torí ní Utqiaġvik, nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù November ni oòrùn máa ń wọ̀, kò ní yọ mọ́ àfi January. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ojú ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i.

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yẹn gbọ́n gan-an, ẹ bá mi kí i.

Iṣẹ́ méjì ni yìnyín ń ṣe lórí òkun, àsìkò tó ń ṣe wọ́n sì yàtọ̀ síra. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, bíi May sí August tí oòrùn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ rárá, ti funfun yẹn ló ṣe pàtàkì. Yìnyín tí òjò dídì bò lórí lè dá tó 90 nínú 100 ìtànṣán padà sókè, èyí tí kò ní nǹkan kan lórí á dá bíi 50 sí 70 padà, ṣùgbọ́n omi òkun tó ṣí sílẹ̀, bíi 6 péré ló ń dá padà, ó gba gbogbo ìyókù sára. Ooru tó gbà yẹn ò lọ síbì kankan, inú omi ló wà.

Iṣẹ́ kejì di ìgbà òtútù, ìyẹn gan-an ló sì dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Omi iyọ̀ inú òkun kì í dì ní òdo bí omi kànga wa, ó di dìgíríì 1.8 sí ìsàlẹ̀ òdo kó tó dì. Ẹ wá wò ó, atẹ́gùn tó wà lórí omi yẹn ní January lè tutù dé 30 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìyẹn ni pé omi abẹ́ yìnyín, bó ti tutù tó yẹn, ooru gbáà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ́gùn tó wà lókè ẹ̀. Yìnyín ló wà láàárín àwọn méjèèjì bí ọmọrí tó dé ìkòkò tó ń hó. Tó bá nípọn tó mítà kan tàbí méjì, tí òjò dídì tún wà lórí ẹ̀, ooru díẹ̀ báyìí ló lè gbabẹ̀ kọjá. Àmọ́ tó bá là, tí omi yọjú, ooru tó ń jáde lójú kan yẹn lè ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, èèyàn á máa fojú rí i, omi á máa rú èéfín nínú òtútù, oru omi ni, ó ń di ìkùukùu lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku bó ṣe ń dé ilẹ̀. Òkun tó bá ti fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn gba oòrùn sára ò lè dì ní October mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ tú ooru yẹn sílẹ̀, inú atẹ́gùn ló sì máa tú u sí, atẹ́gùn yẹn náà ò ní dúró sórí omi, á fẹ́ wọ ilẹ̀. Oru omi tó gbé dání á di ìkùukùu tó rọ̀ sílẹ̀, ìkùukùu lásìkò tí oòrùn ò sí, ńṣe ló ń dá ooru ilẹ̀ padà sí ilẹ̀, kì í jẹ́ kó ráàyè sá lọ sójú ọ̀run. Torí náà ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ fi ń gba ooru láìsí oòrùn kankan. Oòrùn July ni Utqiaġvik ń lò ní November.

Tíṣà_Òkèsà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 alẹ́

Oòrùn July ní November! Mo ti kọ ọ́ sínú nóòtì mi báyìí. Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ṣé etí òkun nìkan ló ń mọ ọ́n lára ni, àbí ó ń wọnú ilẹ̀ lọ?

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:58 alẹ́

Ó ń wọlé lọ jìnnà o. Ní 2008 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí yìnyín orí òkun bá dín kù lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n rí i pé ooru ẹ̀ lè wọ inú ilẹ̀ tó 1,500 kìlómítà. Ẹ mú un láti etí òkun Èkó, ẹ ti kọjá Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger kó tó pé. Ilẹ̀ tó ń dé yẹn sì jẹ́ ilẹ̀ tí abẹ́ ẹ̀ ti dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, orí ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí, orí ẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà gbà, tó bá ti ń rọ̀, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya.

Ìyá_Ayọ̀_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Èmi ẹja ni mò ń tà ní Sábó níbí ní Ifẹ̀, mo ń ta ẹja yìnyín, mo sì ń ta pánlá gbígbẹ tó ń ti Norway wá, èyí tí àwọn Ìbò ń pè ní okporoko. Ayọ̀ ló ń ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí bí mo ṣe ń palẹ̀ igbá mọ́. Nǹkan kan ò yé mi níbẹ̀. Wọ́n ní Norway náà wà lókè àríwá lọ́hùn-ún pẹ̀lú Alaska yẹn, ẹni tó ń bá wa kó ọjà sì máa ń sọ pé January àti February tí òtútù le jù gan-an ni àwọn apẹja wọn ń jáde. Tí òkun bá ń dì, báwo lọkọ̀ ṣe ń rìn? Tí kò bá sì dì, kí ló dé tí ti Norway ò dì tí ti Alaska dì? Ẹja yẹn kò ní iyọ̀, wọn ò yan án, ó gbẹ kan bí igi, kò sì jẹrà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbẹ ẹ́.

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:52 alẹ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ọjà o. Ká ní mo mọ̀ ni, ti pánlá yìí ni mi ò bá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Erékùṣù tí pupọ̀ nínú pánlá yẹn ti ń wá, Lofoten ló ń jẹ́. Bíi dìgíríì 68 ló wà sí òkè àríwá, Utqiaġvik wà ní 71, ẹ ẹ̀ rí i pé wọn ò jìnnà síra. Àmọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ láti inú òkun Atlantic ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Norway gòkè lọ ní gbogbo ọdún, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí òkun tó yí Lofoten ká dì. Òkun tí kò dì yìí ń tú ooru sínú atẹ́gùn láti September títí di ìparí òtútù, torí náà atẹ́gùn Lofoten ní January sí March kì í jìnnà sí òdo, ó lè sún sókè díẹ̀, ó lè sún sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹja yín náà, inú òkun Barents ló ń gbé, òun ló máa ń wá sí Lofoten wá yé ẹyin láàárín January sí April, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kó o. Wọ́n á gé orí ẹ̀, wọ́n á so méjì méjì pọ̀ níbi ìrù, wọ́n á fi kọ́ sórí igi gbọọrọ tí wọ́n kàn síta gbangba, ó di May kí wọ́n tó já a. Tí òtútù bá le jù, omi inú ẹran ẹja á dì, á ba ẹran náà jẹ́. Tí ooru bá pọ̀, eṣinṣin á bà á, á jẹrà. Atẹ́gùn tó rọ̀ mọ́ òdo yẹn ló ń gbẹ ẹ́, òkun tí kò ní yìnyín ló sì ń pèsè atẹ́gùn yẹn.

Ẹ wá wo Verkhoyansk ní Siberia, òun náà wà ní bíi dìgíríì 67, àmọ́ àárín ilẹ̀ ló wà. January ibẹ̀, ní ìpíndọ́gba, bíi 45 ni sí ìsàlẹ̀ òdo. Òkun tó bá dì pátá ti sọ ara ẹ̀ di ilẹ̀ lójú atẹ́gùn, ìlú etí òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní òtútù bíi ti ìlú àárín ilẹ̀. Ohun tí yìnyín ń ṣe nìyẹn. Tí yìnyín bá kúrò, ìlú etí òkun á padà di ìlú etí òkun.

Ìyá_Ayọ̀_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:03 alẹ́

Á à, ó yé mi wàyí. Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín, ọmọ mi. Ẹ̀yin oníbàárà mi tẹ́ ẹ bá ka ibí yìí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́ o.

Àgbẹ̀_Ìbòdì | Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín láàárọ̀ yìí. Oko kòkó ni mo ń ṣe ní apá Ìbòdì, lẹ́bàá Iléṣà níbí. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé òkun nìkan lẹ ní ó ń ṣe ilẹ̀. Ilẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ò ní agbára tiẹ̀ ni? Èmi tí mo ti bá ọyẹ́ jà lórí kòkó, mo mọ ohun tí atẹ́gùn tó ti inú ilẹ̀ wá lè ṣe. Á gbé eruku láti aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún, á gba orí wa kọjá, ewé kòkó á ká kò, èso kéékèèké á dúdú lórí igi, kò sì ní dúró, á tún bọ́ sórí òkun. Nínú ilẹ̀ yìnyín yẹn, ṣé atẹ́gùn kì í ti orí ilẹ̀ wá bá òkun ni?

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ti fọwọ́ kan ìdajì ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sọ.

Ìsàlẹ̀ gúúsù ayé, ní Antarctica, ni ẹ ti máa rí i jù. Yìnyín tó wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ nípọn tó kìlómítà méjì ní ìpíndọ́gba, ó sì dagun láti àárín wá sí etí òkun. Atẹ́gùn tó bá sùn lé e lórí á tutù, á wúwo, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, tó bá ti kó sí àfonífojì, ó di eré. Ọ̀gbẹ́ni Douglas Mawson tó kó àwọn èèyàn lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Cape Denison ní 1912 bá atẹ́gùn níbẹ̀ tó jẹ́ pé ní ìpíndọ́gba ọdún gbáko, bíi 80 kìlómítà ní wákàtí kan ló ń sá. Ẹ máa rántí pé ìpíndọ́gba ni, kì í ṣe ti ọjọ́ ìjì.

Atẹ́gùn yìí tó bá dé etí òkun, ńṣe ló ń ti yìnyín kúrò. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Terra Nova Bay, láàárín gbùngbùn òtútù, tí gbogbo òkun yòókù ti dì, omi ṣí sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀ torí bí yìnyín tuntun bá ṣe ń dì ni atẹ́gùn ilẹ̀ ń gbá a lọ sí iwájú. Omi tó ṣí tún ń dì, atẹ́gùn tún ń gbá a lọ. Yìnyín kì í gbé iyọ̀ púpọ̀ dání nígbà tó bá ń dì, á tú iyọ̀ sínú omi tó wà lábẹ́ ẹ̀, omi yẹn á wúwo, á rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ara ẹ̀ á sì wà nínú omi tútù tó ń tàn káàkiri ìsàlẹ̀ òkun ayé. Ẹ ẹ̀ rí i, Bàbá, atẹ́gùn tó ti orí ilẹ̀ wá ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Omi tó ṣí náà sì ń san án padà, ooru tó ń tú jáde ń yí atẹ́gùn ibẹ̀ padà.

Ní òkè àríwá, etí òkun Siberia, ní òkun Laptev, nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn ilẹ̀ ń ti yìnyín kúrò létí òkun, tuntun ń dì, yìnyín tí wọ́n bí níbẹ̀ á sì rìn la àárín òkun kọjá títí dé ẹ̀gbẹ́ Greenland. Fridtjof Nansen, ọmọ Norway, ló fi ara ẹ̀ dán èyí wò. Ní 1893 ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín gbá ọkọ̀ ẹ̀ tó ń jẹ́ Fram mú lápá Siberia, kó lè rí ibi tí yìnyín máa gbé e lọ, 1896 ni ọkọ̀ yẹn tó bọ́ jáde ní ìhà kejì. Òun ló kíyè sí i pé yìnyín kì í tẹ̀ lé atẹ́gùn tààrà, ó máa ń yà sí ọ̀tún díẹ̀, torí pé ayé ń yí. Eré yìnyín sì máa ń tó bíi 2 nínú 100 eré atẹ́gùn tó ń tì í.

Òṣìṣẹ́_Ẹ̀rọ | Ọjọ́rú, 2:37 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tí à ń to ẹ̀rọ kún un, torí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ "ooru ń jáde látinú omi" wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rọ kan wà tó ní apá bíi mẹ́fà tó dojú kọ ara wọn, ìró ni wọ́n ń rán sí ara wọn, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Atẹ́gùn tó bá gba àárín wọn kọjá á mú kí ìró tètè dé tàbí kó pẹ́ dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ eré atẹ́gùn, ibi tó dojú kọ, àti bó ṣe gbóná tó, ó sì ń ṣe é nígbà mẹ́wàá tàbí ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ yá bẹ́ẹ̀ ni pé atẹ́gùn kì í gòkè lọ nínlá nínlá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń lọ, ìṣù kékeré kan tó gbóná gòkè, ìṣù kékeré kan tó tutù sọ̀kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ ti mọ iye ooru tó ti ilẹ̀ tàbí omi jáde. Níbí ní Ifẹ̀, ní 2004, wọ́n ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tiwa, NIMEX lorúkọ iṣẹ́ náà. Irú ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gbé lọ sórí yìnyín nígbà tí ọkọ̀ Polarstern ti Jámánì lọ jẹ́ kí yìnyín gbá òun mú láti 2019 wọ 2020, MOSAiC ni wọ́n pe iṣẹ́ yẹn, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀nà Nansen ni wọ́n tọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa, eruku ọyẹ́ là ń nù kúrò lára ẹ̀rọ, tiwọn, yìnyín ló ń hù lára ẹ̀, wọ́n sì ní láti máa mú un kúrò kí ìró tó lè kọjá.

Nǹkan míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: lórí yìnyín lásìkò òtútù, atẹ́gùn tó sún mọ́ ilẹ̀ ló tutù jù, tó o bá gòkè díẹ̀ wàá bá èyí tó móoru. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ọyẹ́ ní Ifẹ̀ tó wo apá Ọ̀pá á ti rí i, èéfín ìdáná ò ní gòkè, á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àfonífojì títí oòrùn á fi mú ilẹ̀. Lórí yìnyín, oòrùn ò sí láti mú un, torí náà òtútù yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ibi tí yìnyín bá là nìkan ni ooru á ti rí ọ̀nà gòkè.

Délé_Mọ́dákẹ́kẹ́ | Ọjọ́rú, 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Èmi ti ẹran ọ̀sìn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yamal, ní Russia, àwọn èèyàn tí wọ́n ń pè ní Nenets ń sin reindeer, ẹran oníwo tó jọ àgbọ̀nrín, bí àwọn Fúlàní ṣe ń sin màlúù, wọ́n ń dà á káàkiri. Ní November 2013 òjò rọ̀ níbẹ̀. Òjò ò, kì í ṣe òjò dídì, lásìkò tó yẹ kó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ti dì. Omi òjò yẹn wọ inú òjò dídì tó wà nílẹ̀, òtútù padà dé lójijì, gbogbo ẹ̀ di páànù le kankan lórí koríko. Reindeer máa ń fi pátákò wa òjò dídì láti jẹ ohun tó wà nísàlẹ̀, wọn ò lè wa èyí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 61 ẹran ló kú. Ẹ rò ó wò, ẹni tó ní igba ẹran ní October tí kò ní ẹyọ kan nígbà tí ọdún á fi yí. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí ẹ̀ so ó mọ́ òkun Barents àti Kara tí yìnyín ti dín kù lórí wọn lásìkò yẹn, oru omi ti ibẹ̀ wọlé.

Èmi wá ń rò ó, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ló ń da òjò tiwa rú ní ilẹ̀ Yorùbá? Òjò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní March á di April, August break á gùn, ti ọdún míì kò ní sí rárá.

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Délé àbúrò mi, o ṣeun tó o mú ti Yamal wá. Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn gan-an ni, etí òkun tó ṣí, atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tó gbé oru omi dání, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Irú ẹ̀ ni Shishmaref ní Alaska, abúlé kan lórí erékùṣù tóóró. Tẹ́lẹ̀ yìnyín máa ń ti dì mọ́ etí erékùṣù yẹn kí ìjì ìparí ọdún tó dé, ìgbì ò ní ráàyè. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé omi ṣí, ìgbì ń jẹ ilẹ̀ wọn, ní 2016 wọ́n dìbò pé àwọn máa ṣí kúrò.

Ṣùgbọ́n ti òjò wa, mi ò ní gbà pẹ̀lú ẹ, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ìdí ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, òkun Atlantic tó wà nísàlẹ̀ wa níbí ló ń ti wá, Gulf of Guinea. Tí aṣálẹ̀ Sàhárà bá gbóná, atẹ́gùn ibẹ̀ á fúyẹ́, á máa fa atẹ́gùn olómi láti orí òkun wá gba orí wa. August break náà, lára ohun tó ń fà á ni omi tútù tó máa ń ru sókè létí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire láti July sí September. Òkun àti ilẹ̀ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òkun tiwa ni. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀dí òjò tó pẹ́, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Kódà fún ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn jù wá lọ, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Láti 2012 ni àwọn kan ti ń sọ pé òkè àríwá tó ń gbóná ń mú kí odò atẹ́gùn tó wà lókè rọra máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí òtútù àti ooru fi ń pẹ́ lójú kan. Àwọn míì yẹ dátà wò, wọ́n ní àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ni ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé láti 1979, òkè àríwá ayé ti gbóná sókè ní bíi ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé lápapọ̀, ìdínkù yìnyín orí òkun sì wà lára ohun tó fà á gan-an. Kí èèyàn má fi ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lẹ́nu ìwádìí ba èyí tó dájú jẹ́, ìyẹn ni mò ń bẹ̀ wá sí.

Délé_Mọ́dákẹ́kẹ́ | Ọjọ́rú, 9:22 alẹ́

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà.

Àgbẹ̀_Ìbòdì | Ọjọ́bọ̀, 6:02 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ọmọ mi, lórí ti atẹ́gùn ilẹ̀ yẹn. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n máa ń sọ lórí rédíò pé yìnyín ń yọ́, omi òkun á kún, á gbé Èkó lọ. Ṣé yìnyín orí òkun yìí náà ni?

Òṣìṣẹ́_Ẹ̀rọ | Ọjọ́bọ̀, 7:48 àárọ̀

Rárá o, Bàbá. Yìnyín tó ń léfòó ti gba àyè ẹ̀ nínú omi tẹ́lẹ̀, tó bá yọ́, omi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé sókè kankan. Ẹ fi yìnyín sínú kọ́ọ̀bù omi kẹ́ ẹ sàmì sí i, ẹ máa rí i. Yìnyín orí ilẹ̀ ni ti Èkó, ti Greenland nìkan tó bá yọ́ tán á gbé òkun ayé sókè bíi mítà méje. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni pé tí òkun ẹ̀gbẹ́ Greenland bá ṣí, atẹ́gùn tó móoru lè fẹ́ gun orí yìnyín ilẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_ní_Ifẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 11:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n kún un. Erékùṣù kan wà láàárín Norway àti òkè àríwá pátá, Svalbard. Inú òkè ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò sí tí wọ́n ń kó irúgbìn gbogbo ayé pa mọ́ sí, 2008 ni wọ́n ṣí i. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ, ẹ̀wà ni wọ́n kó, oríṣiríṣi ẹ̀wà láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì, tí iná bá lọ pàápàá òtútù á ṣì wà. Ní October 2016, ooru tí wọn ò retí àti òjò púpọ̀ dé, omi wọ ẹnu ọ̀nà ihò yẹn. Kò dé ibi tí irúgbìn wà, ó dì lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìjọba Norway ní láti tún ẹnu ọ̀nà yẹn kọ́. Svalbard wà lára ibi tí yìnyín orí òkun ti dín kù jù lásìkò òtútù. Ẹ̀wà wa wà níbẹ̀ o.

Ìyá_Ayọ̀_Sábó | Ọjọ́bọ̀, 12:14 ọ̀sán

Ẹ̀wà láti Ìbàdàn! Ayọ̀ ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè kó o padà tí a bá nílò ẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_ní_Ifẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹni tó bá kó irúgbìn síbẹ̀ ló ni ín, òun nìkan ló lè ní kí wọ́n gbé e wá.

Tíṣà_Òkèsà | Ọjọ́bọ̀, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka nǹkan tẹ́ ẹ sọ fún kíláàsì, àwọn ọmọ ò fẹ́ kí agogo lù. Ọmọ tó bèèrè yẹn ní òun fẹ́ fojú ara òun rí yìnyín náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ṣé máàpù wà tí fóònù lè ṣí láìná owó?

Atẹ́gùn_Ifẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ó wà, Tíṣà. NSIDC, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìnyín ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ń gbé máàpù tuntun jáde lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni, sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń yà á láti 1979. Kí àwọn ọmọ mọ nǹkan méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìkíní, ojú kan tí máàpù kùn ní funfun kò túmọ̀ sí pé gbogbo ibẹ̀ ló dì, tí yìnyín bá ti tó 15 nínú 100 níbẹ̀ wọ́n ti ka gbogbo ojú yẹn mọ́ ọn. Ìkejì, kí wọ́n máa fi orílẹ̀-èdè wa wọ̀n ọ́n: Nàìjíríà jẹ́ 923,768 kìlómítà níbùú lóròó. September 1979 yìnyín òkè àríwá lé díẹ̀ ní Nàìjíríà méje, September 2012 tó kéré jù, bíi mílíọ̀nù 3.4, kò pé Nàìjíríà mẹ́rin.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí ti nǹkan bí October 15, November 1 àti November 15 ti ọdún 1985, kí wọ́n ṣí ti 2017 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n fi rúlà wọn ibi tí yìnyín jìnnà sí Utqiaġvik dé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ gbé e síbí, màá bá wọn wò ó.